Ẹ̀yìn Aṣọ

Ọdún 34 ni mo fi ṣe iṣẹ́ olùkọ́ èdè Yorùbá kí n tó fẹ̀yìn tì ní ọdún 2018. Kò sí ọdún kan nínú wọn tí n kò kọ́ àwọn ọmọ ní ẹ̀kọ́ lórí iṣẹ́ abínibí. A ó ka iṣẹ́ àgbẹ̀, a ó ka iṣẹ́ ọdẹ, a ó ka iṣẹ́ alágbẹ̀dẹ, ṣùgbọ́n bí a bá ti dé orí aró dídá, n ó pa ìwé dé. Orí yìí nìkan ni n kì í lo ìwé fún, nítorí pé ọmọ aláró ni mí. Ìdí ìkòkò aró ni mo dàgbà sí ní Ìtòkú, ní ìlú Abẹ́òkúta. Bí ènìyàn bá kí ìyá mi ní "Àrẹ̀dú o!" nígbà náà, ọwọ́ tí ó dúdú dé ìgbọ̀nwọ́ ni yóò nà sókè láti fi dáhùn. Owó aró ni ó fi rán mi lọ sí ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, òun náà ni ó fi rán mi dé ibi tí mo ti gba ìwé-ẹ̀rí olùkọ́ni. Mo ń sọ èyí ṣáájú kí ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi olùkọ́, àti ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ ń múra ìdánwò, lè mọ bí ìtìjú tí ó bá mi ti tó.

Ní oṣù Kejìlá ọdún 2014, èmi àti ìyàwó mi pinnu láti ra aṣọ fún ìyá mi. Ó ti tó ogún ọdún tí ó ti fi iṣẹ́ sílẹ̀ nígbà náà, nítorí ìbàdí tí ń dùn ún. Mo ní kí ìyàwó mi jẹ́ kí n lọ sí ọjà fúnra mi. Ta ni ó tún yẹ kí ó ra àdìrẹ ju ọmọ ẹni tí ó ń rẹ ẹ́ lọ? Nígbà tí mo dé ọjà, aṣọ ni wọ́n ta kọ́ sí iwájú ìsọ̀ gbogbo, aláró, aláwọ̀ osùn, aláwọ̀ ewé, àti oríṣiríṣi àwọ̀ tí ìyá mi kò ní orúkọ fún. Mo wò wọ́n kọjá títí mo fi dé ìsọ̀ kan tí wọ́n ti nà Ìbàdàndùn sílẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ mọ àdìrẹ ẹlẹ́kọ mọ irú rẹ̀: àwọn òpó gbọ̀ngàn Mápó tí wọ́n ṣí ní Ìbàdàn ní ọdún 1929 ni ó wà nínú rẹ̀, pẹ̀lú ṣíbí tí wọ́n yà sí àárín wọn. Aró rẹ̀ jinlẹ̀. Funfun rẹ̀ mọ́ nini. Mo dá iye kan, ẹni tí ń tà á sì gbà lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Ó yẹ kí ìyẹn nìkan ti ta mí lólobó. Mo ra yáàdì márùn-ún fún ìyá mi, mo sì fi yáàdì kan kún un fún ara mi, kí n lè máa fi han àwọn ọmọ ní kíláàsì.

Ìyá mi gba aṣọ náà, ó gbé e lé orí ẹsẹ̀, ó fi ọwọ́ pa á lẹ́ẹ̀mejì, ó sì gbàdúrà fún èmi àti ìyàwó mi títí ẹkún fi fẹ́ gbọ̀n mí. Ní oṣù Kìn-ín-ní, mo mú yáàdì kan tèmi lọ sí kíláàsì. Mo nà án sókè níwájú àwọn ọmọ SS 2. Mo ní kí wọ́n wo iṣẹ́ ọwọ́ àwọn ìyá wa. Mo ṣàlàyé bí a ti ń fi ìyẹ́ adìẹ ya ẹ̀kọ láfún sí ara aṣọ funfun, bí ẹ̀kọ náà kì í ti í jẹ́ kí aró wọlé, àti bí a ti ń há a kúrò nígbà tí aṣọ bá gbẹ. Mo ní kí wọ́n máa fi ọwọ́ kan ìlà tí ìyẹ́ náà gbà. Àwọn ọmọ náà fi ọwọ́ kàn án.

Nígbà ọdún Àjíǹde ni mo tó béèrè.

"Ìyá, ẹ kò tíì ró aṣọ tí a rà fún yín."

"Mo ń ró o, Àkànní. Mo fi ń sùn."

"Àdìrẹ ẹlẹ́kọ ni ẹ fi ń sùn?"

Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní kí n lọ gbé e wá ní orí ibùsùn. Ó nà án sílẹ̀ lórí ẹní, ó sì bi mí ní ohun tí mo rí. Mo ní mo rí òpó, mo rí ṣíbí. Ó ní kí n yí i padà.

Mo yí i padà. Ẹ̀yìn aṣọ náà ràndánràndán, àwọn òpó náà kàn hàn fírífírí níbẹ̀, bí ohun tí òórùn ti fà fún ọdún mẹ́wàá.

"Ta ni í rẹ aṣọ sínú aró," ni ìyá mi wí, "tí iwájú yóò mu, tí ẹ̀yìn kò ní mu?"

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ jẹ́ kí n dúró díẹ̀ níhìn-ín, nítorí pé ohun tí mo mọ̀ láti kékeré ni, n kò sì rántí rẹ̀ ní ọjọ́ tí ó yẹ kí n rántí rẹ̀. Ojú kan ṣoṣo ni a máa ń ya ẹ̀kọ sí lára àdìrẹ ẹlẹ́kọ. Ẹ̀yìn kò ní ohunkóhun tí yóò dí aró lọ́nà, nítorí náà ẹ̀yìn ni í mu aró jù. Bí ẹ bá yí àdìrẹ ẹlẹ́kọ gidi padà, dúdú ni ẹ ó bá, kì í ṣe funfun. Bẹ́ẹ̀ sì ni ẹni tí kò bá dé ìdí ìkòkò rí lè rò pé a kàn ń ri aṣọ bọ inú omi dúdú ni. Kò rí bẹ́ẹ̀. Bí aṣọ bá ti inú aró jáde, àwọ̀ ewé tí ó fẹ́ pọ́n ni í ní. Afẹ́fẹ́ ni í sọ ọ́ di aró lójú ẹni, díẹ̀díẹ̀, bí ìgbà tí ilẹ̀ bá ń ṣú. A ó tún rì í, a ó tún gbé e fún afẹ́fẹ́, títí yóò fi dúdú tó bí a ti fẹ́. Nígbà tí mo wà ní kékeré, n kì í fẹ́ kí ìṣẹ́jú díẹ̀ tí aṣọ fi ń yí àwọ̀ yìí kọjá mi. Mo máa ń sá kúrò nídìí oúnjẹ lọ wò ó. Aṣọ tí mo rà yìí kò wọ inú ìkòkò kankan rí. Ẹ̀rọ ni ó tẹ àwọ̀ sí i lójú kan, bí a ti ń tẹ ìwé.

Ìyá mi kò tíì ṣe tán. Ó ní kí n wo òpó kẹta láti apá òsì. Lára òpó náà, ìlà kan yà kúrò lọ́nà, ó sì tún padà bọ̀. Ó ní kí n wo iwájú sí i. Níwájú, lára òpó mìíràn, mo rí ìlà kan náà, ó yà ní ibi kan náà, ó padà ní ibi kan náà. Mo wò ó títí dé òpin aṣọ. Bí òpó náà bá ti ń padà wá ni àṣìṣe náà ń bá a wá.

"Obìnrin kan ni ó ya èyí," ni ó wí. "Ìyẹ́ yẹ̀ mọ́ ọn lọ́wọ́ níbí. Bóyá ọmọ rẹ̀ ni ó ń ké. Wọ́n wá mú aṣọ rẹ̀ lọ, wọ́n ń tẹ̀ ẹ́, ìyẹ́ náà sì ń yẹ̀ fún un láti ìgbà náà, kò mọ̀."

Mo bi í pé ìgbà wo ni ó ti mọ̀. Ó ní láti ọjọ́ tí mo ti gbé e wá. Mo bi í pé kí ló dé tí kò sọ. Ó wò mí bí ẹni pé n kò kàwé rárá. Ó ní ọmọ kì í gbé aṣọ wá fún ìyá rẹ̀, kí ìyá máa yẹ ẹ̀yìn rẹ̀ wò lójú ìyàwó ọmọ. Títí ó fi papò dà ní ọdún 2019, aṣọ náà ni ó fi ń sùn.

Mo bínú lọ́jọ́ náà. Mo pe ẹni tí ó tà á fún mi ní olè. Mo dá àwọn ilé-iṣẹ́ ilẹ̀ Ṣáínà tí ń tẹ irú aṣọ bẹ́ẹ̀ ránṣẹ́ sí wa lẹ́bi. Mo ní àfi kí ìjọba ti ẹnubodè pa. Ìyá mi jẹ́ kí n sọ gbogbo rẹ̀ tán. Lẹ́yìn náà ni ó ní kí n dákẹ́, kí n jẹ́ kí òun sọ ti ara òun.

Ó ní nígbà tí òun dé ilé ọkọ, ìyá ọkọ òun ni ó kọ́ òun ní aró, elú ni ìyá náà sì ń lò. Wọn a já ọ̀dọ́ ewé elú, wọn a gún un nínú odó, wọn a mọ ọ́n ní ìṣù, wọn a sá a sí òòrùn. Wọn a sun igi di eérú, wọn a kó eérú náà sínú ìkòkò tí a dá ihò sí nídìí, wọn a gbé e lé orí ìkòkò mìíràn, wọn a sì máa bu omi sí i kí ó máa kán sísàlẹ̀. Inú omi eérú yìí ni wọn yóò kó elú sí, wọn yóò dé e, wọn yóò sì máa dúró. Nígbà mìíràn ó tó ọ̀sẹ̀ kan kí aró tó jí. Ìyá ọkọ ìyá mi a máa gbóòórùn rẹ̀ láràárọ̀ kí ó tó sọ pé ó tó tàbí kò tó. Ṣùgbọ́n ìyá mi ní òun kò ní sùúrù yẹn, ọmọ márùn-ún ni òun ní. Aró inú agolo àti sódà ni òun ń rà. Bí òun bá po ó ní òwúrọ̀, òun yóò ti rẹ aṣọ kí ọ̀sán tó pọ́n. Ìyá ọkọ òun a sì máa dúró lẹ́nu ọ̀nà, a di imú, a ní aró tí kò rùn, aró ayédèrú ni.

"Àkànní," ni ìyá mi wí, "aró ayédèrú ni mo fi san owó ilé-ìwé rẹ."

N kò rí èsì fọ̀. Ó wá fi ọ̀rọ̀ kan kún un tí n kò fi ọkàn sí tó nígbà náà. Ó ní ẹni tí ó bá béèrè, òun máa ń sọ fún un pé ti agolo ni.

Ọ̀rọ̀ yìí ni ó mú mi bẹ̀rẹ̀ sí í wádìí nínú ìwé, bí ó ti jẹ́ pé ó yẹ kí n ti ṣe é kí n tó máa pe ara mi ní olùkọ́. Ohun tí mo rí kò tù mí nínú. Àwọn onímọ̀ kẹ́místírì ilẹ̀ Jámánì ni ó rí ọgbọ́n ṣe aró tí kò ti inú ewé wá, ọdún 1897 sì ni ilé-iṣẹ́ BASF bẹ̀rẹ̀ sí í tà á lọ́jà. Kò pẹ́ tí ó fi dé Abẹ́òkúta. Ní àwọn ọdún 1930, Ọba Ládàpọ̀ Adémọ́lá Kejì, Aláké ilẹ̀ Ẹ̀gbá, ka aró náà àti sódà léèwọ̀, nítorí pé àwọn oníbàárà láti òkèèrè ń kùn pé aṣọ Ẹ̀gbá kò rí bí ti tẹ́lẹ̀ mọ́. Àwọn aláró tí wọ́n ń lò ó kò gbà. Ọ̀rọ̀ náà di ohun tí ìjọba gbé ìgbìmọ̀ ìwádìí dìde fún ní ọdún 1936. Òfin kò sì dá aró agolo dúró. Ẹ̀rí èyí ni èmi tí mo ń kọ ìwé yìí.

Aṣọ funfun tí a ń ya ẹ̀kọ sí ńkọ́? Láti ilé-iṣẹ́ ìhunṣọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni ó ti ń wá nígbà tí àdìrẹ ẹlẹ́kọ gbajúmọ̀. Kíjìpá tí àwọn obìnrin wa ń hun nílé nípọn, kò sì gba ìlà wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́. Aṣọ ẹ̀rọ olówó pọ́ọ́kú ni ó gba á. Bí mo bá sọ pé kí gbogbo ohun àjèjì kúrò lára àdìrẹ, n kò mọ ohun tí yóò kù sí mi lọ́wọ́.

Ti ańkárá tún yani lẹ́nu jù. Ní erékùṣù Jáfà, ní Indonéṣíà òde òní, ìda ni wọ́n fi ń ya aṣọ kí wọ́n tó rẹ ẹ́ láró. Iṣẹ́ ọwọ́ tí ń gba sùúrù ni, olówó ni í sì í wọ èyí tí ó bá dára. Àwọn ará Họ́láǹdì tí ń jọba lé wọn lórí ní àwọn yóò fi ẹ̀rọ ṣe irú rẹ̀, kí àwọn lè tà á fún wọn ní owó tí kò tó nǹkan. Ní ọdún 1846 ni Pieter Fentener van Vlissingen dá ilé-iṣẹ́ rẹ̀ sílẹ̀ ní ìlú Helmond, èyí tí a mọ̀ sí Vlisco lónìí. Ilẹ̀ wa ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà ni aṣọ bẹ́ẹ̀ ti wá rí ojúure jù. Ohun tí a ṣe láti fi dípò aṣọ olówó iyebíye níbòmíràn di aṣọ olówó iyebíye lọ́dọ̀ tiwa. Àwọn obìnrin oníṣòwò kan ní Lomé rí towó ṣe nídìí rẹ̀ débi pé Nana Benz ni wọ́n ń pè wọ́n, nítorí ọkọ̀ Mercedes-Benz tí wọ́n ń gùn. Nígbà tí ó yá, àwọn ilé-iṣẹ́ ilẹ̀ Ṣáínà bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ irú rẹ̀ ní owó tí ó kéré gan-an, ọjà bàjẹ́ mọ́ àwọn obìnrin náà lọ́wọ́, wọ́n sì ń sọ pé ayédèrú ti ba òtítọ́ jẹ́. Òtítọ́ èwo?

N kò ní sọ púpọ̀ nípa oúnjẹ, nítorí pé n kò mọ̀ ọ́n bí mo ti mọ aró. Ṣùgbọ́n ẹ wo ike tí ó wà lórí tábìlì yín, tí ẹ ń pè ní bọ́tà. Nínú ọ̀pọ̀lọpọ̀ ilé wa, kò sí wàrà màlúù tí ó pọ̀ nínú rẹ̀. Májárínì ni. Ará Faransé kan tí ń jẹ́ Hippolyte Mège-Mouriès ni ó ṣe é ní ọdún 1869, nígbà tí Napoleon Kẹta ń wá ohun tí yóò dípò bọ́tà fún àwọn tálákà àti àwọn ọmọ ogun. Nígbà tí ó yá, epo pupa láti ilẹ̀ wa wà lára ohun tí wọ́n ń fi ṣe é lọ́hùn-ún. Àwa ni a kó epo fún wọn, a sì ra á padà lọ́wọ́ wọn ní bọ́tà.

Nítorí náà, n kò lè dúró pẹ̀lú àwọn tí ń sọ pé kí a dáná sun gbogbo ohun tí ẹ̀rọ bá farawé. Obìnrin tí ń ta ẹ̀kọ ní ẹ̀bá ọ̀nà ilé mi ń ró àdìrẹ onítẹ̀ lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Aṣọ tí ìyá mi ń rẹ kò fi ìgbà kankan kan irú rẹ̀ lára rí. Ó yẹ ẹ́, inú rẹ̀ ń dùn, èmi kọ́ ni n ó sọ fún un pé kí ó bọ́ ọ. Síbẹ̀, n kò lè dúró pẹ̀lú àwọn tí ń sọ pé ọ̀làjú ni, kí aláró lọ wá iṣẹ́ mìíràn. Obìnrin tí ó bá fi ìyẹ́ ya aṣọ kan lè lo ọjọ́ mélòó kan lórí rẹ̀, kí ó tó dé inú aró rárá. Owó ọjọ́ wọ̀nyẹn ni ó wà nínú orúkọ náà, àdìrẹ. Bí ẹ̀rọ bá tẹ ẹgbẹẹgbẹ̀rún yáàdì ní ọjọ́ kan, tí wọ́n sì pè é ní aṣọ onítẹ̀, n kò ní ẹjọ́ pẹ̀lú wọn. Ìgbà tí wọ́n bá pè é ní àdìrẹ ni wọ́n ti kó owó ọjọ́ obìnrin náà lọ. A máa ń gbàdúrà pé kí aláró má ṣe ráhùn aró. Aró kọ́ ni ó wọ́n àwọn aláró Ìtòkú lónìí, ẹni tí yóò san owó iṣẹ́ wọn ni.

Kí n tó padà sí ibi iṣẹ́ lẹ́yìn ọdún Àjíǹde náà, ìyá mi ṣí àpótí rẹ̀, ó yọ aṣọ kan tí ó fúnra rẹ̀ ya, tí ó sì fúnra rẹ̀ rẹ, ìyẹn ọ̀kan nínú àwọn tí ó rẹ kẹ́yìn. Aró agolo ni, ó sì rán mi létí bẹ́ẹ̀. Ní sáà kẹta, mo kó òun àti yáàdì kan tèmi lọ sí kíláàsì. Mo sọ fún àwọn ọmọ pé mo ti kọ́ wọn ní irọ́ ní oṣù Kìn-ín-ní, mo sì bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n má bínú. Kò rọrùn. Mo ní kí wọ́n máa gbé aṣọ méjèèjì kiri, kí wọ́n yí ẹ̀yìn wọn wò, kí wọ́n sì wá ibi tí ìyẹ́ ti yẹ̀. Ariwo sọ. Ẹnì kan wá a rí, ó ka àṣìṣe náà lẹ́ẹ̀mẹta lórí yáàdì kan ṣoṣo náà.

Ọmọbìnrin kan ní ìjókòó ẹ̀yìn nàwọ́ sókè. Kì í ṣe ọmọ tí í sọ̀rọ̀ púpọ̀.

"Ẹ jọ̀wọ́, sà, irú èyí ni ìyá mi ń tà."

Mo bi í pé èwo. Ó gbé èyí tí ẹ̀rọ tẹ̀ sókè. Ó ní òun ni ìyá òun fi ń san owó ilé-ìwé òun. Àwọn ọmọ kan rẹ́rìn-ín, mo sì bá wọn wí gidigidi, ju bí ẹ̀ṣẹ̀ wọn ti tó lọ. Mo wá bi ọmọ náà pé ǹjẹ́ ìyá rẹ̀ máa ń sọ fún àwọn oníbàárà pé ẹ̀rọ ni ó tẹ aṣọ náà.

"Bí wọ́n bá béèrè, sà."

"Ṣé wọ́n máa ń béèrè?"

Ó wo aṣọ ọwọ́ rẹ̀, ó tún wò mí.

"Ẹ̀yin náà ńkọ́, sà? Ǹjẹ́ ẹ béèrè?"

Mo ní rárá, n kò béèrè.